Kì Í Ṣe Iye Ìwo

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n pa mí lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì,
mi ò sì rí ẹni tó pa mí.
Mo ti yìnbọn. Ìka mi ló jẹ́rìí.
Ṣùgbọ́n ọta mi ṣì ń wá ọ̀nà jáde ní Èfọ̀n,
ó ń pọ́n àpáta, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ,
nígbà tó fi máa débẹ̀, òkú ni mí,
òkú ti tutù.

"Rópò, o tún ti dì gbagidi!"
Ohùn Ìbíwùmí nìyẹn, láti Ìkọ̀lé, nínú etí mi.
Ọmọ Kúmásí tí a jọ ń ṣeré kò gbọ́ Yorùbá,
ṣùgbọ́n ẹ̀rín rẹ̀ kò nílò ògbufọ̀.

Ní Sátidé, mo gba Adó lọ.
Bámigbóyè, tó ń ta ẹ̀rọ ní Òkèyìnmi,
gbé ráótà kan kalẹ̀ tó ní ìwo mẹ́jọ,
ó nà wọ́n sókè bí alántakùn tó fẹ̀yìn lélẹ̀ kú.
"Èyí ni bàbá wọn. Wo iná pupa lára rẹ̀!"
Owó rẹ̀ jẹ owó oṣù mi tán,
ó tún na ọwọ́ sí ti oṣù tó ń bọ̀.
Mo bi í pé kí ni ìwo ń ṣe.
Ó ní ìwo ní ń fa nẹ́tíwọọ̀kì.
Mo ní ta ló wá ń fà á dé ọ̀dọ̀ ìwo?
Ó wo àjà.

Olùkọ́ físíìsì ni mí, ẹ má bínú.
Mo mọ̀ pé ọ̀nà lè fẹ̀, kó gba ọkọ̀ mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà,
kó sì jìn síbẹ̀.
Ẹni tó ń wo fíìmù ni kó máa wá ọ̀nà tó fẹ̀.
Èmi, ìwé pélébé ni mò ń rán:
mo fò, mo sá, mo yìnbọn.
Kó ṣáà dé kí n tó ṣẹ́jú.

Ogiri ilé Yèyé mi, ẹrẹ̀ àtijọ́ ni,
ó nípọn tó ìgbọ̀nwọ́ kan.
Ìgbì kan wà tó yára, àmọ́ ó ń gbọ́ràn sí ogiri lẹ́nu;
ìkejì ń wọ́ kọjá, àmọ́ gbogbo àdúgbò ló ti há sínú rẹ̀.
Mo ní kó fún mi ní èyí tó ní ihò wáyà,
tó gba síìmù, tó ní bátìrì tirẹ̀ tí iná bá lọ,
tó sì lè sọ fún fíìmù àbúrò mi pé:
yà fún ẹ̀gbọ́n ẹ.
Abẹ́ páálí ìwo mẹ́jọ ló ti yọ ọ́,
eruku bò ó, ìwo méjì péré,
ó rí bí abọ́ ọṣẹ.

Fèrèsé tó kọjú sí òpó orí òkè,
rédíò Yèyé ló ń gbé ibẹ̀ kí wọ́n tó ri òpó náà.
"Ibẹ̀ ni ohùn ti ń mọ́," ó ní,
"mi ò sì ka físíìsì."
Ó sún rédíò ní ìbú ọwọ́ kan.
Òkúta rédíò mẹ́rin lóṣù ni owó ilẹ̀.

Wáyà búlúù gba abẹ́ ilẹ̀kùn,
ó kọjá lẹ́bàá àmù, ó wọ yàrá mi.
Òjìlénígba ni òǹkà ìdádúró mi tẹ́lẹ̀;
ó wálẹ̀ sí márùndínlọ́gọ́rin.
Mi ò ní purọ́: tójò bá ń rọ̀, ó tún ń gòkè.

Lálẹ́ àná, mo rí ọ̀tá. Mo rí i kedere,
mo rí ẹnu ìbọn rẹ̀.
Mo yìn ín, ọta mi sì jáde lójú ẹsẹ̀,
ó lọ ba igi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.
Ni mo bá kú.

Gbogbo wọn dákẹ́ díẹ̀.
"Rópò, ṣé nẹ́tíwọọ̀kì ni?"
Mo yọjú sí pálọ̀. Iná ráótà tàn, ó dúró ṣinṣin,
Yèyé ń gbọ́ ìròyìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Rárá o," mo ní.
"Èmi ni."